Méjì fún Ẹyọ Kan

Ọjọ́ kẹtàlélọ́gọ́rin tí àwọn ará òdìkejì odò ti há wa mọ́ inú odi ni ìgbìmọ̀ ogun ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ ogun méjì ló wá mú mi nílé àgbẹ̀dẹ, wọn ò sì sọ ohun tí mo ṣe. Ẹni tó bá ri nǹkan mọ́lẹ̀ ló mọ bí irú ìpè bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí lára. Ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀ lé wọn lọ, àmọ́ ọkàn mi ti padà sílé, ó ti lọ jókòó lé kòtò eérú abẹ́ iná mi lórí.

Inú gbọ̀ngàn tí ìlú ń kó ọkà sí nígbà àlàáfíà ni wọ́n ti ń ṣe ìgbìmọ̀, torí pé ó ti ṣófo. Èèpo ọkà ṣì wà láàárín òkúta ilẹ̀, mo sì rí ẹ̀ṣọ́ kan tó ń fi èékánná wá a jáde, tó ń jẹ ẹ́. Ọ̀gágun wa dúró nídìí tábìlì. Má-yẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ń pè é, torí pé kò yẹ̀ fún ọta rí. Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi ku ẹyọ kan. Ìyá Adájọ́ jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀, arúgbó kúkurú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ lórí àga, tí gbogbo ìlú sì ń bẹ̀rù ju àgbá lọ. Akápò ọba wà lápá òsì, ó di kọ́kọ́rọ́ ìṣúra mú láyà.

"Àgbá ẹnubodè ti là," Ọ̀gágun ní. Kò kí mi.

"Mo gbọ́, Ọ̀gágun. Àbúrò mi ló ń yìn ín."

Òótọ́ ni. Àbúrò mi kan ṣoṣo, ọmọ ìyá mi, ni olórí àwọn tó ń yin àgbá náà. Adití ni wọ́n ń pè é, torí pé ariwo àgbá ti jẹ etí rẹ̀ méjèèjì tán. Ẹnu èèyàn ló máa ń wò kó tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

"Wọ́n ń gbé àgbá ńlá kan gòkè bọ̀ látinú ọkọ̀ wọn," Ọ̀gágun ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Àwọn amí ní bàbà gidi ni látòkè délẹ̀. Tó bá fi lè dé orí òkè yẹn, ọ̀sán kan ló máa fi wó odi. Tí a ò bá ní èyí tó lè dá a lóhùn, ọjọ́ márùn-ún ló kù fún wa. Rọ òmíràn fún mi."

"Kí ni kí n fi rọ ọ́? Ẹ ti kó ìlẹ̀kùn idẹ, ẹ ti kó aago, ẹ ti kó ìkòkò ìyàwó mi. Bó bá jẹ́ itọ́ lẹ fẹ́ kí n fi rọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ fún mi lómi mu."

Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí ẹ̀rù bá ti ń bà mí, ẹnu mi kì í dúró síbì kan. Ọ̀gágun ò bínú. Ó na ìka sí Akápò.

"Owó bàbà wà nínú ìṣúra."

Akápò fò dìde. "Ká yọ́ owó ọba? Ọ̀gágun, ṣé ẹ gbàgbé òfin ni?" Ó kà á láìwo ìwé: "Ẹnikẹ́ni tó bá fi iná kan orí ọba nínú owó, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ní bá a dé ilé. Èmi ni mo máa jíhìn fún ọba lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá là, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Tí odi bá wó, àwọn tó bá wọlé ló máa ná an," Ọ̀gágun ní.

Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Akápò ní ohun tó sọ owó di owó ni orí ọba. Ọ̀gágun ní orí ọba ò lè dá ọta padà. Wọ́n ń pariwo mọ́ra wọn títí Ìyá Adájọ́ fi wúkọ́. Ìgbà tí gbogbo wọn dákẹ́ ló wojú mi.

"Asúdẹ, owó àtijọ́ mélòó ló lè di ìṣù bàbà kan?"

"Igba," ni mo dáhùn, "tí wọn ò bá tíì jẹ."

Mi ò tíì pa ẹnu dé tí mo ti mọ̀ pé mo ti yára jù. Ìyá Adájọ́ mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ó yá ọ lẹ́nu," ó ní, ó sì yíjú sí Akápò. "Èyí tó ní orí bàbá-bàbá ọba yìí lára, mélòó ló wà?"

"Àpò mẹ́rìnlá, Ìyá."

"Ọba tó ti kú kò lórí mọ́. Àwòrán lásán ló wà lára owó yẹn."

Àwọn balógun rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀: láti ọjọ́ òní lọ, nípa àṣẹ ìgbìmọ̀, wọ́n lè yọ́ owó ọba tó ti kú, èyí tó bá ti inú ìṣúra wá nìkan, láti ọwọ́ èmi asúdẹ nìkan, níwájú òun Adájọ́ nìkan. Òun fúnra rẹ̀ ló máa fi èdìdì di ẹnu àpò, òun náà ló máa já a. "Ẹlòmíràn tó bá yọ́ ẹyọ kan péré, òfin àtijọ́ ṣì ń dúró dè é. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran."

Ọ̀gágun fa idà yọ, ó fi búra, ó tún fi ojú rẹ̀ tó kù búra, pé òun á mú ìwé náà ṣẹ. Bó ṣe ń jáde ni àwọn ọmọ ogun ń kí i: "Má-yẹ̀! Odi tí ń rìn! Wọ́n tì í títí, ó ní ṣé ilẹ̀ ti mọ́ ni!" Ohùn ebi ni wọ́n fi ń kí i.

Wọ́n gbé àpò mẹ́rìnlá wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin tẹ̀ lé e. Wọ́n jù wọ́n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Àpò owó bàbà máa ń ké tó bá já lulẹ̀. Àwọn yìí ò ké. Wọ́n kùn bí àpò iyanrìn.

Ìyàwó mi wà nídìí ẹwìrì. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń fínná fún mi, kò sì sí ìró irin kan tí mo mọ̀ tí òun ò mọ̀. Ó gbójú sókè wò mí. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ jáde lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo fi ìka fa owó kan yọ níbi tí ojú rírán àpò ti tú, mo jù ú sórí owú, irin ńlá tí a máa ń lu nǹkan lé. Owó gidi á ní *gíììn*, á sì máa gbọ̀n lọ. Èyí ní *pọ̀*, ó dákẹ́. Mo fa òmíràn, ó tún dákẹ́. Nínú mẹ́wàá tí mo fà, méjì péré ló ké.

"Òjé ni," ìyàwó mi ní.

"Òjé ni."

"Tiwa ni?"

Ó mọ̀ pé tiwa ni.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí, mi ò sì ní fi dúdú pe funfun. Nígbà ayé bàbá-bàbá ọba wa, bàbà pọ̀, owó sì wúwo. Lóde òní owó kan ń ra búrẹ́dì kan. Àmọ́ bàbà inú owó àtijọ́ kan, tí èèyàn bá tà á bí bàbà lásán, á ra mẹ́ta. Gbogbo ìlú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ni kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni oníṣòwò kan láti òdìkejì odò yà sílé àgbẹ̀dẹ mi. Onímú là ń pè é, torí pé imú rẹ̀ kì í gbẹ. Ó ní òun á máa ra bàbà lọ́wọ́ mi, òun ò sì ní béèrè ibi tó ti wá. Owó àtijọ́ ló fi ń san án fún mi, mẹ́ta fún bàbà owó kan, ó tún ń dán: orí ọba wa tó ti kú wà lára rẹ̀ pátápátá, àmọ́ awọ bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ ló bo òjé inú. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbà á.

Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá mú owó àtijọ́ gidi kan wá sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mi, mo máa fún un ní méjì nínú ti Onímú. Méjì fún ẹyọ kan! Àwọn èèyàn á máa gbọ̀n jìgìjìgì fún ẹ̀rín títí wọ́n á fi délé. Wọ́n ní asúdẹ ò mọ ìṣirò. Àwọn obìnrin àdúgbò ń bá ìyàwó mi kẹ́dùn pé ọ̀dẹ̀ ló fẹ́. Òjé ni wọ́n fi san owó orí, òjé ni wọ́n fi san ìtanràn, Akápò ń kà á, inú rẹ̀ ń dùn pé ìlú ń lọ́rọ̀. Èmi ń yọ́ owó gidi, mo ń fi ṣe ìṣù, Onímú ń kó o kọjá odò. Mi ò bi ara mi rí pé kí ni wọ́n ń fi bàbà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe lọ́hùn-ún. Ìgbà tí Ọ̀gágun dárúkọ àgbá bàbà ńlá yẹn ni mo tó bi ara mi, òtútù sì mú mi nínú gbọ̀ngàn náà.

Ogun dé kí Onímú tó wá kó èyí tó kẹ́yìn. Ọgọ́ta ìṣù ló kù, wọ́n wà lábẹ́ eérú, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta sí ibi tí ìyàwó mi jókòó sí.

"Tẹ́ ẹ bá fi òjé yìí rọ àgbá ńkọ́?" ó bi mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀.

"Òjé kì í bá bàbà ṣọ̀rẹ́. Tó bá ti ń tutù, òjé á lọ kóra jọ síbi tó wù ú, ibẹ̀ ò sì ní lágbára. Ó lè dúró lẹ́ẹ̀kan, ó lè dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ tí kò bá dúró mọ́, á bẹ́ sójú ẹni tó ń yìn ín."

"Àbúrò yín ló ń yìn ín."

"Ṣé mo ní òun kọ́ ni?"

Mo jágbe mọ́ ọn. Ó tẹ ẹwìrì lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé owó ò dáa. Ẹ má sọ bẹ́ ẹ ṣe mọ̀. Ó lè tó bẹ́ẹ̀." Bẹ́ẹ̀ náà ni mo pinnu láti ṣe. Mo fẹ́ gba àbúrò mi là, mo sì fẹ́ kí ọwọ́ mi wà lára mi. Mi ò rí ohun tó burú nínú kéèyàn fẹ́ méjèèjì.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n dé: Ìyá Adájọ́ pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀, Akápò, Ọ̀gágun, àti Adití, tó wá wo bí wọ́n ṣe máa bí àgbá rẹ̀. Ó ti rù débi pé bẹ́líìtì rẹ̀ yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó nà gbalaja kí mi, ó sì pariwo, torí kò mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń ga tó mọ́: "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ bá mi ṣe ẹnu rẹ̀ kó fẹ̀ o! Ọ̀rọ̀ pọ̀ tó fẹ́ bá wọn sọ!"

Ìyá Adájọ́ já èdìdì àpò àkọ́kọ́. Mo bu owó, mo lù wọ́n lórí owú níkọ̀ọ̀kan kí gbogbo wọn gbọ́.

"Owó yìí ò dáa. Òjé ló wà nínú rẹ̀. Tí mo bá fi rọ àgbá, á bẹ́."

"Ṣé ìṣúra ọba lò ń pè ní ilé òjé?" Akápò kígbe. "Èmi ni mo ka owó yìí!"

"Ẹ̀yin lẹ kà á. Ẹ ò gbọ́ ọ."

Ọ̀gágun gbé ọwọ́ sókè, Akápò sì dákẹ́. "Asúdẹ, ṣé bàbà míì wà nínú ìlú yìí?"

Iná ń jó. Ìyàwó mi ò gbójú kúrò lára ẹwìrì rẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ni mo sọ.

"Ìgbà mélòó ló máa yìn kó tó bẹ́?"

"Ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹwàá."

"Ẹ̀ẹ̀mẹwàá tó mi." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìwà ìkà. Ó ti ka odi, ó ti ka ọmọ ogun, kò sí ohun míì tó lè kà. Ó di Adití léjìká mú, ó yí i sí ara rẹ̀ kó lè rí ẹnu òun, ó sì la ọ̀rọ̀ náà yé e yékéyéké: àgbá máa lálèébù, ó lè bẹ́, ẹni tó bá dúró tì í lè kú. "Mi ò ní pàṣẹ fún ọ. Ṣé wàá yìn ín?"

Adití wo Ọ̀gágun, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Ṣebí ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ rọ ọ́? Màá yìn ín. Ọwọ́ yẹn ò lè rọ ohun tó máa pa mí."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mí láyé mi. Kò sí èyí tó ṣe mí báyẹn. Mo dúró, mo ń wo àtẹ́lẹwọ́ mi, ojú sì ń tì mí fún un, àfi bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ìyàwó mi dìde nídìí ẹwìrì. Ó kàn mú ṣọ́bìrì, ó nà án sí mi.

Mo wa eérú kúrò. Mo ká pákó. Mo ń gbé ìṣù bàbà jáde, mo ń tò wọ́n sí ẹsẹ̀ Ìyá Adájọ́, mo sì ń sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń tò wọ́n: Onímú, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, méjì fún ẹyọ kan, ọdún mẹ́fà. Nígbà tí mo fi máa to ọgọ́ta tán, ọ̀rọ̀ náà ti tán. Ìdajì rẹ̀ ni Adití rí lẹ́nu mi, torí pé mo tẹrí ba. Ó ń bi ìyàwó mi pé, "Kí ló sọ? Kí ló sọ?"

Akápò jókòó sórí àpò òjé rẹ̀. "Ẹ gbé e kọ́," ó ń sọ. "Ẹ gbé e kọ́ lónìí."

Mo yíjú sí Ìyá Adájọ́. Mo ṣì fẹ́ du ara mi, mi ò ní purọ́. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lánàá pé ọba tó ti kú kò lórí. Orí òun náà ni mo yọ́. Mi ò fọwọ́ kan ti ọba tó wà láàyè rí."

"O gbọ́n," ó ní. "Àmọ́ ilẹ̀kùn tí mo ṣí lánàá kò ṣí lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo gé ọwọ́ opó kan. Owó méje ló yọ́ láti fi lẹ ìdí ìkòkò tó ń jò. Owó méje, asúdẹ. Ó sunkún níwájú mi, ó sì lọ. Ṣé kí n ránṣẹ́ sí i lónìí pé ọgọ́ta ìṣù kò ṣe nǹkan kan?" Ó wúkọ́, ó nu ẹnu. "Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Mi ò mọ òfin mìíràn."

Ọ̀gágun dúró sáàárín wa. "Ta ló máa rọ àgbá tẹ́ ẹ bá gé e? Mo fi ojú mi tó kù yìí búra: níwọ̀n ìgbà tí ọ̀tá bá ṣì wà lẹ́yìn odi, ẹni tó bá fọwọ́ kan ọwọ́ asúdẹ yìí, èmi ló ń wá."

"Kọ ọ́ sílẹ̀," Ìyá Adájọ́ sọ fún akọ̀wé. "Títí ọ̀tá á fi kúrò lẹ́yìn odi. Ọjọ́ tí wọ́n bá kúrò, òfin á padà." Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí tó jókòó lé. "Ó yá, asúdẹ. Ṣe iṣẹ́ rẹ."

Mo ṣe é. Ọjọ́ méjì la fi yọ́ bàbà náà, pẹ̀lú tánńganran díẹ̀ tí í mú un le, a dà á sínú amọ̀ tí mo ti mọ nínú kòtò. Nígbà tó tutù, a gbẹ́ ikùn rẹ̀. Ìyàwó mi fínná títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Nígbà tí a wú àgbá náà jáde, mo fi òòlù kàn án, ó sì ké dáadáa, títí dé òpópónà. Kò tíì sí ohun tí mo ṣe tó dára tó o. Mo sunkún lórí rẹ̀ bí ọmọdé.

Ìyàwó mi ń nu èéfín iná kúrò lára rẹ̀. "Ikú tó fẹ́ pani, tó bá ṣí ni ní fìlà, ká dúpẹ́," ó ní.

"Ọwọ́ mi kì í ṣe fìlà."

"Mo mọ̀. Orí àbúrò yín náà kì í ṣe fìlà."

Báyìí ni mo ṣe di ẹnì kan ṣoṣo nínú ìlú náà tí ìṣẹ́gun máa gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń gbàdúrà pé kí ọ̀tá lọ, mo ń ṣe àmín, ahọ́n mi ń wúwo. Ọjọ́ kan kọjá, mo dúpẹ́ pé a ṣì wà nínú ìdótì. Ọmọ ẹni tó wà lódìkejì òpópónà kú fún ebi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo wo òkú náà, mo sì kórìíra ara mi.

Ọjọ́ karùn-ún, àgbá wọn dé orí òkè. Mo gun odi lọ bá Adití. Ó ń wọn ẹ̀tù. Ìyàwó mi ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá yìn ín dáadáa, ogun á tán."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tí ogun bá tán, wọ́n á gé ọwọ́ yín." Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún pípẹ́, ó gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Mo lè tàsé. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo lè máa tàsé títí ọba á fi rán ogun wá. Ọba lè dárí jì yín."

Ọlọ́run nìkan ló mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn mọ́ mi tó. Mo dúró, mo ń gbọ́ ọ, mo ń jẹ́ kó dùn. Lẹ́yìn náà mo di ojú rẹ̀ mú, kó lè rí ẹnu mi.

"Yìn ín dáadáa. Tó o bá tàsé, màá fi ọwọ́ ọ̀tún yìí gbá ọ létí, nígbà tó ṣì wà."

"Mi ò lè gbọ́ ìgbátí mọ́, ẹ̀gbọ́n," ó ní, ó rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé iná.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yìn. Èkejì fọ́ kẹ̀kẹ́ àgbá wọn. Ẹ̀kẹrin bà á lẹ́nu, ẹnu rẹ̀ sì já, ó yí gbirigbiri sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè láàárín àwọn tó gbé e dé. Má-yẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn odi lójú ẹsẹ̀, ó kó àwọn tó bá ṣì lè sáré jáde. Mi ò wo ìyókù. Lọ́jọ́ kejì, odò ti kún fún ọkọ̀ wọn tó ń lọ.

Ìlú jó lọ́jọ́ náà, àwọn tó lágbára láti jó. Àwọn ọmọ ogun fi okùn fa ẹnu àgbá ọ̀tá tó já wá sílé àgbẹ̀dẹ mi, wọ́n ní kí n yọ́ ọ, kó di nǹkan míì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mi ò lè fọwọ́ kàn án.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni Ìyá Adájọ́ dé pẹ̀lú ọkùnrin kan tó gbé ọ̀bẹ, àti obìnrin oníṣẹ́ ìwòsàn tó gbé epo gbígbóná àti aṣọ funfun. Ó kí wa káàárọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n ṣe nǹkan kan, ó ní kí n ṣe é. Mo mú òòlù kékeré, mo kan ẹnu àgbá ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó ké. Mo mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ ohùn ọmọ rẹ̀ nínú ọjà. Bàbà mi ni, owó àwọn ìyá àti bàbá wa ni, méjì fún ẹyọ kan, ó sì lọ títí, ó kún gbogbo ilé.

"Tó bá dákẹ́, ọlọ́bẹ á gé e," Ìyá Adájọ́ ní. Ó yíjú sí ògiri.

Adití sún mọ́ ọn. Kò lè gbọ́ ọ, torí náà ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pẹrẹsẹ, bó ṣe máa ń ṣe sára àgbá rẹ̀ kó lè mọ̀ pé ó ti yìn. Ìró náà ń rẹlẹ̀ létí mi. Ó di fẹ́ẹ́rẹ́. Ó tán. Ìyàwó mi fi aṣọ bojú. Adití ò gbé ọwọ́ kúrò.

"Ó ṣì ń dún," ó pariwo. "Ìyá, ó ṣì ń dún! Mo búra, ó ṣì ń dún!"

Ọkùnrin ọlọ́bẹ náà ò kúrò lójú kan. A dúró bẹ́ẹ̀, gbogbo wa, fún ìgbà pípẹ́, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé náà tó sọ fún un pé irọ́ ló ń pa.

Èmi fúnra mi ni mo gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gbé e, torí mo fẹ́ kó jẹ́ ohun tó ṣe gbẹ̀yìn.